Mẹ́dàlì Jíìmù Bọ́tà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Nimene, etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ délé. Kó tó yọ ní kọ́nà, ẹ̀rín yẹn á ti wọlé, á ti jókòó, á ti máa béèrè oúnjẹ. Juah ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí kànga pé òun ò fẹ́ ọkọ kankan o, ẹ̀rín lòun fẹ́, ọkọ ló kàn tẹ̀lé e wálé.

Èèyàn gíga ni. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ìlà aláwọ̀ aró sì gba àárín iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀ dé orí imú, bíi ti ọmọ Kru gidi, ẹ̀yà tó ń fi iṣẹ́ ọkọ̀ òkun jẹun. Nínú gbogbo Kru Town ní Freetown, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ kékeré wà wọ inú ìgbì bíi tirẹ̀. Ìgbì á dìde bí ògiri, Nimene á fi àjẹ̀ gbá a nídìí, á ní, "Kúrò lọ́nà jàre, èmi ni mò ń bọ̀."

Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run gbàgbé fún un ni ohùn orin. Yéè! Tó bá ki orin bọ ẹnu, ajá á dìde, á wá ibòmíì sùn. Lọ́jọ́ tí Juah ń rọbí, ìta ló dúró sí tó ń kọrin kí ìyàwó rẹ̀ lè ní ìgboyà. Juah ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kọ́mọ tètè jáde, pé ọmọ fẹ́ wá wo ẹni tí wọ́n ń pa.

Ó dáa tó jẹ́ pé láàárín àwọn Kru, èèyàn kì í kọ orin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. O pa ẹja ńlá? Ẹlòmíì ló máa kọ ọ́ lórin. O yọ ẹnìkan nínú omi? Dákẹ́ ẹnu rẹ, àwọn ará ilé rẹ á kọ ọ́. Bó o bá kọ ọ́ fúnra rẹ, wọ́n á ní o ti ń fi ahọ́n lá ẹ̀yìn ara rẹ bí ológbò. Àṣà yẹn ló ti ń bo Nimene láṣìírí láti kékeré.

Orúkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Jíìmù Bọ́tà. Báwo ló ṣe jẹ́ ẹ? Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ wá iṣẹ́ ọkọ̀, akọ̀wé ní kó dárúkọ. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ baba rẹ̀, ó fẹ́ máa bá ti baba baba rẹ̀ lọ. Akọ̀wé gbójú sókè, ó wò ó, ó wo búrẹ́dì tó ń jẹ lọ́wọ́, ó bá kọ Jíìmù Bọ́tà. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo wọn. Aládùúgbò wọn kan ń jẹ́ Ìgò Bíà. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn ilé tó bí ọmọ mẹ́jọ, Ọmọ Ológbò lorúkọ tiẹ̀ nínú ọkọ̀. Nimene ní ká dúpẹ́, bọ́tà ó kéré tán ṣeé jẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Orúkọ tí wọ́n ti inú búrẹ́dì mú, ta ló máa kà á sí orúkọ gidi? Ní Kru Town, orúkọ ọkọ̀ dà bí aṣọ òjò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń jáde sínú òjò ló ń wọ̀ ọ́. Tó bá padà dé, á gbọ̀n ọ́n, á fi kọ́, kí ẹlòmíì nínú ilé rí i wọ̀. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Iṣẹ́ ṣáà di ṣíṣe, òyìnbó ṣáà rí Jíìmù Bọ́tà.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé Nimene àti Wesseh, àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ Jíìmù Bọ́tà. Wesseh kúrú ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ gbogbo orin tí Ọlọ́run fi du ẹ̀gbọ́n, àbúrò ló kó o fún. Tí Wesseh bá ń kọrin létíkun, àwọn tó ń fọ ẹja á gbàgbé ọwọ́ sínú ikùn ẹja.

Ní ọdún tí ogun Gambia dé, ọkọ̀ yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan létíkun, ìyẹn ni pé kí gbogbo ọmọ Kru tó forúkọ sílẹ̀ máa bọ̀. Oyún Juah sì ti pé oṣù nígbà yẹn. Méjì ti bọ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Nimene kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ṣé o ò gbọ́ ìbọn ni?" Juah bi í látinú ilé.

"Mo gbọ́. Kó máa yìn ín. Mi ò lọ ibì kankan."

Wesseh ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú fìlà ọkọ̀ lára ìṣó, ó dé e, fìlà bò ó lójú dé imú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú bébà orúkọ ọkọ̀ yẹn wá. Èmi ni Jíìmù Bọ́tà lónìí."

"Fìlà yẹn tóbi jù ọ́ o."

"Orí mi á dàgbà lójú ọ̀nà."

Ó lọ. Yede, ọmọ wọn obìnrin, wọ ayé láìséwu, ó pariwo títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé ó ti dé. Nígbà tí Wesseh padà, ó rù kan eegun, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ bí àgbàdo, ṣùgbọ́n ìtàn kún ikùn rẹ̀. Ó ní wọ́n ká àwọn mọ́ inú odò kékeré kan tí igi ẹ̀gbà bò, ìbọn ń rọ̀ bí òjò, àwọn kan ò sì padà wá mọ́. Ọta bá ọ̀gá kan nítan, ọ̀gá Hallett, òyìnbó sìgbọnlẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá ti lọ. Ni Wesseh bá pọ̀n ọ́n.

"O pọn òyìnbó?" Juah ń fún ọmọ lọ́mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kọ́mọ bọ́.

"Mo pọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń pọn Yede yìí. Kò ṣáà sí ọ̀já. Ẹrẹ̀ mu mí dé àyà. Ó sì ń tòògbé lẹ́yìn mi, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tó bá sùn, ó di gbére. Ni mo bá ń kọrin fún un títí a fi rí ọkọ̀."

"Orin wo?"

Wesseh wò yíká bíi pé òyìnbó wà lẹ́yìn ìkòkò, ó bá gbé e:

*Òyìnbó yìí wúwo, ẹ gbà mí o,*
*Ó jẹ màlúù inú ọkọ̀ tán, ó ku ìwo.*
*Má sùn o, ọ̀gá, má sùn,*
*Bó o bá sùn, màá jù ọ́ fún alákàn.*

Ẹ̀rín pa Juah dé ibi tí wàrà fi ń kán sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Kru Town ti mọ orin náà. Àwọn awakọ̀ ń fi tẹ àjẹ̀, àwọn ìyá ń fi pọn ọmọ. Nimene náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ Juah tó mọ̀ ọ́n rí i pé ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọdún pípẹ́. Baba wọn sin ọkọ̀ Ọbabìnrin títí ó fi darúgbó, ikọ́ nìkan ló mú bọ̀ níbẹ̀. Nimene fẹ́ nǹkan kan, kékeré báyìí, tó ṣeé gbé lé ọwọ́ ọmọ kó sì sọ pé, "Wò ó, baba rẹ débẹ̀."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tún yin ìbọn, ogun Brass ni. Nimene gba fìlà rẹ̀ padà lórí ìṣó, òun fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé, ẹ̀rín ò ṣáájú rẹ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn wọlé ni. Juah gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹyìn síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún?"

"Wọ́n sun ìlú kan. Nígbà tá a wọ ilé kan, ìkòkò ọbẹ̀ ẹnìkan ṣì wà lórí ààrò. Ó ń hó."

Juah ò bi í léèrè mọ́. Ó gbé Yede lé e lẹ́sẹ̀. Yede kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìrẹsì, ó ń fi kun irùngbọ̀n baba rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀rín tó padà wá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Àṣé ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Nígbà tí Yede ti ń sáré kiri, tó ti ń bú ewúrẹ́ eléwúrẹ́, Bàbá Slebo wọlé tọ̀ wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá Slebo ni olórí àwọn Kru tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀, òun ló ń gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀ fún òyìnbó. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Jíìmù Bọ́tà dà?"

"Èmi rè é," Nimene ní.

"Èmi rè é," Wesseh náà ní, ó ń jẹ eegun ẹja lọ́wọ́ lẹ́bàá ààrò.

"Wàhálà dé nìyẹn," Bàbá Slebo ní, ó bá jókòó. "Mẹ́dàlì Jíìmù Bọ́tà ti dé láti ilẹ̀ Ọbabìnrin. Fàdákà gidi. Orí Ọbabìnrin wà lójú kan, igbó àti ogun wà lójú kejì, wọ́n sì gbẹ́ Jíìmù Bọ́tà sí etí rẹ̀ yíká. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ dúdú àti yẹ́lò. Ọ̀pá fàdákà kékeré méjì ló dábùú ríbọ́ọ̀nù náà, ọ̀kan fún Gambia, ọ̀kan fún Brass. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: èèyàn kan, mẹ́dàlì kan. Tó bá tún jagun míì, ọ̀pá ni wọ́n á fi kún un."

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n.

"Tèmi ni," Wesseh ní.

"Tìẹ báwo? Ta ni wọ́n jẹ búrẹ́dì sọ lórúkọ?"

"Ta ló pọn òyìnbó?"

"Ta ló lọ Brass?"

"Brass! Ẹ lọ sun ilé, ẹ padà wá. Ṣé ìyẹn náà logun?"

Ojú Nimene yí padà. Wesseh rí i, ó gbé eegun ẹja sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n mú àáké wá," Juah ní, ó na ìgbakọ ọbẹ̀ sókè. "Ẹ là á sí méjì. Kí ẹ̀gbọ́n mú orí Ọbabìnrin, kí àbúrò máa gbé ìyókù lọ."

"Juah! Wọ́n á gbé ọ o!" Bàbá Slebo ń pariwo, àmọ́ ikùn rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ló bá fojú le. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin ni wọ́n máa fún un, ní pápá etíkun, lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá Hallett fúnra rẹ̀ ló máa fi kọ́ Jíìmù Bọ́tà láyà. Ó ti padà dé o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tiro. Ọ̀gá àgbà ọkọ̀ tí Nimene ń bá ṣiṣẹ́ báyìí náà á wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń rí i. Bí Wesseh bá jáde, ọ̀gá àgbà á ní, 'Èyí kọ́.' Bí Nimene bá jáde, ọ̀gá Hallett lè ní, 'Èyí kọ́.' Tí wọ́n bá sì mọ̀ pé ọkùnrin méjì ń jẹ́ orúkọ kan, wọ́n á pa orúkọ yẹn rẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò tún ní fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ Ọbabìnrin láyé yín. Àwa yòókù ńkọ́? Wọ́n á máa ya wá lẹ́nu wò bí ẹni ń ra ewúrẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ọkọ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹ jọ̀ọ́.

Wesseh ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹni tí wọ́n pọ̀n, kí ló rí? Ọrùn ló rí. Ọ̀gá Hallett ò fi bẹ́ẹ̀ rójú mi. Nígbà tá a dé ọkọ̀, ó ti dákú. Wọ́n gbé e lọ, mi ò rí i mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi lọ."

"Ṣó o rí i bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ̀rọ̀?" Bàbá Slebo ní, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn o. Wesseh á kọ́ Nimene bí ọ̀rọ̀ Gambia ṣe jẹ́, kó má bàa ṣìnà tí wọ́n bá bi í. Ó gun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ní àárín àgbàlá, ó di òyìnbó, ó ń kérora.

"Bàtà mi! Bàtà mi ti bọ́ sínú ẹrẹ̀!"

"Bàtà wo?" Nimene ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàtà ọ̀tún. Ẹ rántí o. Ọ̀tún ló bọ́. Ẹ sì ní kó máa dì yín lọ́rùn mú, ó bá fẹ́ fún yín lọ́rùn pa. Báyìí."

"Wesseh! Tú mi sílẹ̀! Mo ti gbọ́!"

Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ẹnu ọgbà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Yede ń sáré yí wọn ká, ó ń ké, "Èmi náà! Ẹ pọn èmi náà!" Juah di ògiri mú kó má bàa ṣubú.

"Orin ńkọ́?" ó bi wọ́n, nígbà tó rí èémí mú. "Ṣé ẹ ò ní kọ́ ọ lórin ni?"

Àwọn méjèèjì wò ó. Wọ́n wo ara wọn.

"Ta ló máa béèrè orin lọ́wọ́ ẹni tó ń gba mẹ́dàlì?" Nimene ní.

"Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n béèrè," Wesseh ní.

Ọjọ́ pé. Oòrùn yọ bí ẹni tí wọ́n pè. Pápá kún, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tò, àwọn Kru tò sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ṣòkòtò funfun àti fìlà wọn. Wesseh wà láàárín wọn, ìlà kejì, ó fara pamọ́ sẹ́yìn Ìgò Bíà tó sanra. Juah wọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbogbo, ó gbé Yede sí èjìká kó lè ríran.

Ọ̀gá Hallett jáde, ó ń tiro. Mẹ́dàlì mẹ́ta tò sí àyà tirẹ̀, wọ́n ń lu ara wọn bó ṣe ń rìn, ríbọ́ọ̀nù kan ò jọ èkejì. Juah wò wọ́n, ó rò ó lọ́kàn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìlú kan ni, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìkòkò ẹnìkan ti wà lórí ààrò níbẹ̀ náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ń pe orúkọ.

"Jíìmù Bọ́tà!"

Nimene jáde. Ó rìn dáadáa, Juah tiẹ̀ gbóríyìn fún un. Ọ̀gá àgbà ọkọ̀ mi orí, ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Hallett wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó fi fàdákà kọ́ ọ láyà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"O ti sanra sí i, Jíìmù Bọ́tà."

"Oúnjẹ ìyàwó mi ni, ọ̀gá."

"Ṣé o rántí bàtà mi?"

"Tọ̀tún, ọ̀gá. Alákàn ló ń wọ̀ ọ́ báyìí."

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Wesseh tú èémí tó ti dì mú láti àárọ̀. Ó parí, àbí? Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá Hallett ò kúrò lójú kan. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ sùn. Mo fẹ́ sùn ju bí mo ṣe fẹ́ wà láàyè lọ. Orin rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. Títí dòní, tí ẹsẹ̀ yìí bá ń ro mí, ohùn yẹn ni mò ń gbọ́. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Juah fẹ́rẹ̀ẹ́ ju Yede sílẹ̀. Gbogbo Kru Town tó wà níbẹ̀ ló mọ irú ohùn tó wà lọ́fun Nimene. Bàbá Slebo dijú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí ìlà aró iwájú orí Nimene. Ọ̀gá àgbà ọkọ̀ ń wò ó, ojú rẹ̀ ti ń dín kù, bíi tẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ni Nimene bá na ara rẹ̀ tán, gbogbo gíga rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Láàárín tiwa, ẹni tó ṣe nǹkan kì í kọ orin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìtìjú ni. Ológbò ló ń lá ara rẹ̀. Ará ilé ẹni ló ń kọ ọ́ fúnni." Ó yíjú sí àwọn Kru. "Wesseh! Àbúrò mi! Kọ orin mi fún ọ̀gá."

Ìgò Bíà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn. Wesseh bọ́ síwájú. Ló bá la ẹnu, ohùn yẹn jáde, ó gòkè, ó tẹ́ sójú òkun: *Òyìnbó yìí wúwo, ẹ gbà mí o…*

Gbogbo àwọn Kru gbè é, kí ni wọ́n á ti ṣe? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń tẹ àjẹ̀. Àwọn ìyá gbè é látẹ̀yìn. Yede lórí èjìká Juah ń ké "alákàn! alákàn!" nígbà tí kò tíì kàn.

Ọ̀gá Hallett ò rẹ́rìn-ín. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀ ti kúrò lára Nimene. Ó ń tiro lọ síbi tí Wesseh wà, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ọrùn rẹ̀. Òun nìkan nínú gbogbo pápá yẹn ló mọ ọrùn yẹn, bí ìyá ṣe ń mọ orí ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Wesseh ń kọrin lọ.

"Ṣé kò sí nǹkan, Hallett?" ọ̀gá àgbà ọkọ̀ bi í. "Kí lo rí?"

Ọ̀gá Hallett wo Nimene tó dúró gbọnin pẹ̀lú fàdákà láyà. Ó tún wo ọrùn.

"Àbúrò Jíìmù Bọ́tà ni," ó ní. "Kò sí tàbí-tàbí. Ìdílé kan náà ni wọ́n."

Ó bá yí wá sí iwájú Wesseh, tí kò ní nǹkan kan láyà àfi bọ́tìnnì, ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó gbé ọwọ́ sí etí fìlà rẹ̀, ó kí i ní kíkí ológun. Ọ̀gá òyìnbó ló ń kí ọmọ Kru. Gbogbo pápá rí i.

"Kí ni ìtumọ̀ orin náà?" ó béèrè lọ́wọ́ Nimene nígbà tó ń padà.

"Ó ní ẹ lágbára, ọ̀gá. Ẹ wuyì. Ẹ ò sì wúwo rárá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ọ̀gá Hallett ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo ti jẹ màlúù díẹ̀ sí i láti ìgbà náà."

Áà! Nimene ò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ta ló sọ fún un? Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìjà tí wọ́n tún jà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè gbà á gbọ́.

"Gba fàdákà rẹ," Nimene ní, ó tú u kúrò láyà. "Ìwọ ló ni ín. Mo rí ojú òyìnbó yẹn."

"Fún kí ni? Ó ti kí mi. Ṣé wọ́n kí yín? Ẹ máa mú fàdákà yín."

"Wesseh, mo ní kó o gbà á!"

"Mi ò gbà á!"

Juah jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ó fi sú wọn. Ó gba mẹ́dàlì lọ́wọ́ wọn, ó fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ti gbàgbé pé aṣọ òjò ni? Ẹni tó bá ń lọ sókun, kó mú orúkọ. Ẹni tó bá wà nílé, kó mú fàdákà. Ẹ jẹun."

Wọ́n jẹun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ á yin ìbọn, àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan á bọ́ fàdákà, ẹnìkan á na bébà àti fìlà. Wọ́n á pààrọ̀, wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, ẹnìkan á lọ. Èyí tó bá kù nílé á wọ mẹ́dàlì lọ síbi ìsìnkú, lọ síbi ìgbéyàwó, lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ẹja pàápàá, àyà rẹ̀ á yọ síwájú bíi ti àkùkọ. Nígbà tí Wesseh lọ tọrọ ọmọ tó fẹ́ fẹ́, òun ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì fún un lọ́mọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Juah, á ní Yede ló wọ̀ ọ́ jù. Ó fi gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó fi fún ewúrẹ́ lá, ó gé ríbọ́ọ̀nù jẹ níbi Brass. Lọ́jọ́ kan, Nimene bá a tó dé fìlà ọkọ̀, fìlà bò ó dé àyà, fàdákà ń gbá a nídodo, ó di àjẹ̀ kékeré mú.

"Níbo lò ń lọ?" baba rẹ̀ bi í.

"Òkun."

"Ta ni ọ́?"

"Jíìmù Bọ́tà," ni Yede wí. Ẹ̀rín baba rẹ̀ sì bẹ́ jáde kúrò nínú ilé, ó gba kọ́nà, ó lọ bá Juah létí kànga.